Ìpéǹpéjú Tí Ó Rọ̀ Bojú Kì Í Ṣe Oorun, Kì Í Sì Í Ṣe Ìgbéraga

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ìbáà jẹ́ ilé ni ó wà tàbí ìdálẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kan ojú gan-an, àwọn tí ń pa òwe náà kì í sábà wo igi ní òkèèrè. Wọn a dúró títí igi yóò fi dé ẹyinjú. Ọ̀kan nínú àwọn àìlera tí a ń fojú kékeré wò báyìí ni ti ìpéǹpéjú òkè tí ó wúwo, tí ó rọ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń bo ọmọlójú.

Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún tí a bí pẹ̀lú irú ìpéǹpéjú bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lè rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, àfi kí ó gbé àgbọ̀n sókè, kí ó sì fa iwájú orí rẹ̀ títí yóò fi hunjọ bí ti arúgbó. Bí àlejò bá wọlé, tí ọmọ náà sì gbé àgbọ̀n sókè wò ó, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà yóò kọ́kọ́ sọ ni pé a kò kọ́ ọmọ yìí nílé. Nítorí kí ni? Nítorí pé ọmọ Yorùbá kì í gbé àgbọ̀n sókè wo àgbà. Bí ó bá dé ilé-ìwé, olùkọ́ rẹ̀ lè rò pé ó ń tòògbé nínú kíláàsì; àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì sọ ọ́ ní "olójú oorun". Báyìí ni a ṣe ń jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ níyà lẹ́ẹ̀mejì: ojú rẹ̀ kò ríran tó, a sì tún ń bá a wí nítorí ọgbọ́n tí ó dá kí ó lè ríran.

Bí ó ti rí fún ọmọdé náà ni ó rí fún àgbàlagbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà yàtọ̀. Ìyá àgbà kan wà lórí àtẹ, tí ó ní láti fi ìka gbé ìpéǹpéjú kan sókè kí ó tó lè mọ iye owó tí oníbàárà fún un. Bàbá kan wà nídìí ọkọ̀, tí kò rí iná tí ó wà lókè oríta àfi bí ó bá da orí sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, iwájú orí á ti máa ro wọ́n, ọrùn á sì ti máa dùn wọ́n. Bí wọ́n bá sọ ọ́, èsì tí wọn yóò gbọ́ ni pé ọjọ́ orí ni. Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ọjọ́ orí bá mú wá ni a gbọ́dọ̀ fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Jos ní ọ̀nà kan pàtó. Láti ayé ìwakùsà tánganran ni àwọn ènìyàn wọn ti ń gun òkè yìí wá, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria dé agbègbè Bukuru ní nǹkan bí ọdún 1914. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti láti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti bí ọmọ. Ṣùgbọ́n àṣà kan kò tíì kúrò láàárín wọn. Bí àìsàn kò bá ti gbé ènìyàn dè, tí kò sì jẹ́ kí ó kígbe lóru, wọn a ní, "Ó di ìgbà tí a bá délé." Wọn a sún un di Kérésìmesì, tàbí di ọdún Iléyá, tàbí di ìgbà tí ìnáwó kan bá mú wọn lọ. Ìpéǹpéjú tí ó rọ̀ kì í dunni. Nítorí náà òun ni wọ́n máa ń sún jù lọ.

Èyí ni ó yẹ kí a tako. Ìpéǹpéjú tí ó bo ọmọlójú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, kì í sì í ṣe ohun tí ń dúró de ìrìn-àjò. Bí ọmọdé ni ó ni ín, gbogbo oṣù tí ó bá kọjá lè gba lára ìríran rẹ̀ lọ láìpadà. Bí àgbàlagbà ni, ó lè jẹ́ àmì àìsàn mìíràn tí ó léwu ju ìpéǹpéjú lọ. Ìlú tí ènìyàn ń gbé ni ó ti yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ń ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe ìpéǹpéjú. Kì í ṣe awọ lásán. Iṣan kan wà tí ó ti ẹ̀yìn kòtò ojú wá, tí ó gba orí ẹyinjú kọjá, tí ó sì so mọ́ ìpéǹpéjú òkè. Òun ni ó ń fà á sókè nígbà tí a bá lajú. Iṣan kékeré kan tún wà lábẹ́ rẹ̀, tí ń fi nǹkan bí mìlímítà méjì kún un. Iṣan kẹta yí ojú po bí òrùka, òun ni ó ń pa á dé. Lókè gbogbo wọn ni iṣan iwájú orí wà, èyí tí ń gbé ìrun ojú sókè, tí ó sì máa ń ran ìpéǹpéjú lọ́wọ́ nígbà tí agbára bá dín. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, etí ìpéǹpéjú òkè kì í bò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ lára òkè ibi dúdú ojú. Bí ó bá wá sọ̀ kalẹ̀ títí tí ó fi dé ọmọlójú, ìmọ́lẹ̀ kò ní ráyè wọlé bí ó ti yẹ.

Ohun tí ó lè fa èyí pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. A bí àwọn kan pẹ̀lú iṣan tí kò dàgbà dáadáa; irú iṣan bẹ́ẹ̀ a máa le gbagidi, kò lè fà, kò sì lè rọ̀. Ní ti àwọn àgbàlagbà, iṣan náà lè dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ibi tí ó ti so mọ́ ìpéǹpéjú ti tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ó ti yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn aṣọ fèrèsé tí ó já. Ní ti àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, iṣan kò ṣe nǹkan kan. Awọ ni ó pọ̀ jù, tí ó ti hunjọ, tí ó sì dà bo irun ìpéǹpéjú. Ìgbà mìíràn ìrun ojú fúnra rẹ̀ ni ó ti wálẹ̀, tí ó ti awọ síwájú.

Ó tún kù. Eruku ọyẹ́ a máa mú kí ojú àwọn ọmọ kan yún wọn lọ́dọọdún. Bí ó bá pẹ́, inú ìpéǹpéjú wọn a wú kókó-kókó, ìwúwo náà a sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Oògùn ni irú èyí ń fẹ́, kì í ṣe abẹ. Àrùn tirakóómà, tí ó ti ba ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ní apá àríwá Nàìjíríà, a máa dá àpá sí inú ìpéǹpéjú, títí tí irun rẹ̀ yóò fi yí sínú, tí yóò sì máa ha ẹyinjú. Iṣẹ́ abẹ wà fún ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ìpéǹpéjú tí ó rọ̀.

Èyí tí ó ń dẹ́rù bani jù ni èyí tí ó dé lójijì. Bí ìpéǹpéjú kan bá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí orí sì ń fọ́ ènìyàn gidigidi, tàbí tí ó ń rí nǹkan kan ní méjì, tàbí tí ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju èkejì lọ, kí onítọ̀hún má ṣe sùn sílé. Ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti wú nínú orí, tí ó sì ń tẹ okùn tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ojú. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú a máa ba okùn yìí jẹ́. Bí ìpéǹpéjú bá sì ń dára láàárọ̀, tí ó ń burú ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń rọ̀ sí i bí ó bá ti ń rẹ ara, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní myasthenia gravis lè wà níbẹ̀. Nínú àìsàn yìí, àṣẹ kì í dé ara iṣan bí ó ti yẹ, ó sì lè dé orí ẹ̀mí mímí. Kódà oró àwọn ejò kan nínú ẹ̀yà ṣèbé a máa mú kí ìpéǹpéjú méjèèjì rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó bu ènìyàn ṣán. Àgbẹ̀ tí ó bá rí èyí ní oko kò gbọdọ̀ rò pé oorun ni ó ń kun òun. Kí ó sáré lọ gba abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ kí a "gé ojú" òun láìjẹ́ pé a ti wádìí ohun tí ó fà á, ó ń fi àdá ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìwádìí tí dókítà ojú máa ń kọ́kọ́ ṣe kò ná ni lówó púpọ̀. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ ìrun ojú mọ́lẹ̀ kí iwájú orí má bàa ṣe ìrànwọ́. Yóò ní kí onítọ̀hún wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wo òkè. Yóò wá fi rúlà wọn iye tí etí ìpéǹpéjú rìn. Bí ó bá rìn tó mìlímítà 15, iṣan náà lágbára. Bí kò bá ju mẹ́rin lọ, iṣan náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Lórí ìwọ̀n kékeré yìí ni a ti ń mọ irú iṣẹ́ abẹ tí ó tọ́.

Ọ̀nà kìíní ni kí a mú iṣan tí ń gbé ìpéǹpéjú le. Èyí wà fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ṣì lágbára dé ìwọ̀n kan. Dókítà yóò la ojú ibi tí awọ ìpéǹpéjú ti máa ń ṣẹ́, kí àpá rẹ̀ lè fara pamọ́ síbẹ̀. Yóò wá iṣan náà rí, yóò fà á síwájú tàbí kí ó gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, yóò sì rán an mọ́ àyè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú nìkan ni a sábà máa ń lò. A kì í mú un sùn, nítorí pé dókítà fẹ́ kí ó lajú nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ó lè rí i bóyá ojú méjèèjì dọ́gba.

Ọ̀nà kejì gba inú ìpéǹpéjú. Iṣan kékeré tí ó wà lábẹ́ ni a máa ń dín kù níbẹ̀, kò sì sí àpá kankan ní ìta. Ó dára fún ìpéǹpéjú tí kò rọ̀ púpọ̀, tí iṣan ńlá rẹ̀ sì pé. Dókítà a máa kán oògùn kan sí ojú ní àkọ́kọ́; bí ìpéǹpéjú bá gbéra sókè, ó jẹ́ àmì pé ọ̀nà yìí lè ṣe é. Fasanella àti Servat kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ abẹ tí ó gba inú yìí ní ọdún 1961, àwọn dókítà sì ti tún un ṣe sí i láti ìgbà náà.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí iṣan wọn kò ṣiṣẹ́ rárá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Níwọ̀n bí iṣan ti ojú kò ti lè gbé e, a ó bẹ iṣan iwájú orí lọ́wẹ̀. A ó fi okùn so ìpéǹpéjú mọ́ iwájú orí lábẹ́ awọ, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti gbé ìrun ojú sókè, ìpéǹpéjú á tẹ̀ lé e. Okùn náà lè jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ awọ líle tí a yọ láti ara itan ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ rọ́bà sílíkónì. Crawford, dókítà ojú kan ní ìlú Toronto ní Kánádà, ni ó mú lílo ti itan yìí gbilẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1956. Ti itan a máa pẹ́ kí ó tó rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ní láti dàgbà tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí itan rẹ̀ tó lè fúnni ní èyí tí ó tó. Rọ́bà kò nílò ìdúró yẹn, a sì lè tún un fà tàbí kí a dẹ̀ ẹ́ bí ó bá yá.

Ọ̀nà kẹrin ni gígé awọ tí ó pọ̀ jù. Iṣẹ́ àtayébáyé ni èyí. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣègùn Lárúbáwá ti ń kọ̀wé nípa gígé awọ tí ó bo ojú. Èyí kò ní ṣe nǹkan kan fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ni ó jáwọ́, bẹ́ẹ̀ ni mímú iṣan le kò ní tán ìṣòro ẹni tí awọ rẹ̀ ni ó pọ̀. Nígbà mìíràn a máa ń ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìrun ojú ni ó wálẹ̀, òun ni a ó gbé sókè kí a tó fọwọ́ kan awọ. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé àpá yóò wú rondo bí ó ti máa ń wú lára àwọn ènìyàn dúdú mìíràn lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀, nítorí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lórí awọ ìpéǹpéjú.

Oògùn kíkán pàápàá ti dé. Ní ọdún 2020, àjọ tí ń ṣàbójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tí a ṣe láti ara oxymetazoline fún àwọn àgbàlagbà tí ìpéǹpéjú wọn rọ̀ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pẹ́ mọ, lẹ́yìn náà ìpéǹpéjú á padà sí bí ó ti wà. Kò ran ẹni tí a bí àìlera náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ti ọmọdé ni ó yẹ kí a tẹnu mọ́ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni òfò ti ń pọ̀. Ojú nìkan kọ́ ni ó ń ríran. Ọpọlọ ni ó ń kọ́ bí a ti ń rí. Láti ìgbà ìbí títí di nǹkan bí ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni ọpọlọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Bí ìpéǹpéjú bá bo ojú kan ní gbogbo àkókò yẹn, ọpọlọ á gbàgbé ojú náà, á sì máa fi èkejì nìkan ṣe iṣẹ́. Bí ọmọ bá wá di ọmọ ogún ọdún, tí a gbé ìpéǹpéjú náà sókè, ojú á là gedegbe, ẹwà á sì yọ, ṣùgbọ́n kò ní ríran bí ó ti yẹ. Kò sí abẹ, kò sì sí awò tí yóò dá ohun tí ó ti lọ padà tán. Kódà bí ìpéǹpéjú kò bá bo ọmọlójú tán, ìwúwo rẹ̀ lè tẹ iwájú ẹyinjú kí ó má rí róbótó mọ́, kí ọmọ náà sì nílò awò láìpẹ́. Nítorí náà, bí ọmọlójú bá wà lábẹ́ ìpéǹpéjú, a kì í dúró. A lè ṣiṣẹ́ abẹ náà nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún kan. Bí kò bá bò ó, dókítà lè ní kí a dúró di nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó lè wọn ojú náà dáadáa, ṣùgbọ́n yóò máa yẹ ojú ọmọ náà wò ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dúró. Dídúró lábẹ́ ìṣọ́ dókítà yàtọ̀ sí dídúró de ìgbà tí a bá délé.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe, pé bí ó ti dá ọmọ ni kí a fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n ń gbé ọmọ tí ètè rẹ̀ là lọ sí ilé-ìwòsàn kí a lè rán an. Bí a ti ń rán ètè kí ọmọ lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé ìpéǹpéjú kí ọmọ lè ríran.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù abẹ, ìbẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ti òpè. Ojú kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú kan lè ga ju èkejì lọ, ó sì lè di dandan pé kí a tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ìpéǹpéjú má pa dé tán bí a bá sùn, pàápàá lẹ́yìn tí a bá so ó mọ́ iwájú orí tàbí bí a bá gé awọ jù. Ní Jos, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè, tí eruku sì ń fò láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ojú tí kò pa dé lóru á gbẹ, yóò máa ta ènìyàn, ó sì lè di egbò lórí ẹyinjú. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí fún aláìsàn, kí aláìsàn náà sì béèrè: Ṣé ojú mi yóò pa dé? Oògùn wo ni n óò máa fi sí i lóru? Ìgbà wo nínú ọdún ni ó dára jù láti ṣe é? Ẹ̀ẹ̀melòó ni dókítà yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí? Dókítà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ju abẹ lọ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń fi sójú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn kan ń fún wàrà ọmú sí i, àwọn kan ń lo ìtọ̀, àwọn kan ń po ṣúgà. Àwọn kan ń fi tìróò kun ojú ọmọ ọwọ́, wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ ọmọ. Àwọn mìíràn ń ra oògùn kíkán lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà. Irú oògùn alágbára tí ó wà nínú àwọn kan lára wọn a máa mú kí inú ẹyinjú le, a sì máa fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí ó lè gbé ìpéǹpéjú sókè.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, òun ni ó sì máa ń pa gbogbo àríyànjiyàn mọ́ni lẹ́nu. Òfin ọdún 2022 tí ó dá àjọ adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ní ọ̀tun sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà nínú ètò ìlera. Ìpínlẹ̀ Plateau ní àjọ tirẹ̀, tí a ń pè ní PLASCHEMA. Kò yẹ kí Yorùbá tí ń gbé ní Jos rò pé ti onílé nìkan ni. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sábà san owó iṣẹ́ abẹ tí a ṣe nítorí ẹwà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ti la ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ètò Medicare tí ó wà fún àwọn àgbàlagbà a máa sanwó fún gígé awọ ìpéǹpéjú bí dókítà bá lè fi àwòrán àti àyẹ̀wò hàn pé awọ náà ń dí ìríran lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ni ẹni náà ń wá, yóò fi owó ara rẹ̀ san án. Ìwọ̀n tí ó tọ́ ni èyí. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn àjọ wa ní kedere, kí a má ṣe máa ka ọmọ tí kò ríran mọ́ àwọn tí ń wá ojú tuntun. Títí ìgbà náà, kí aláìsàn rí i pé dókítà kọ ìwọ̀n ìpéǹpéjú òun àti ohun tí ó ń dí lọ́wọ́ sínú ìwé.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìpéǹpéjú tí ó wúwo ni ó ń fẹ́ abẹ. Àwọn ìdílé kan wà tí ojú wọn rí bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn, tí wọ́n sì ríran kedere. Ní orílẹ̀-èdè Kòríà apá gúúsù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe iṣẹ́ abẹ kí ìpéǹpéjú wọn lè ní ìṣẹ́po. Ìfẹ́ inú wọn ni. Ohun tí à ń jà fún níhìn-ín ni ìríran.

Ibo wá ni kí ènìyàn gbà? Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Jos wà ní Lamingo, ó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Dókítà tí ènìyàn bá rí ní ilé-ìwòsàn ìjọba mìíràn lè kọ ìwé tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ nípa ojú. Bí iṣẹ́ náà bá ju agbára ìlú lọ, ilé-ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, tí kò jìnnà sí Jos bí Ìbàdàn ti jìnnà. Bí ìdílé bá sì ní àwọn fẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí a bá ṣe é, kò burú: ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún 1957. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbéra pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí a dá, kì í ṣe kí wọ́n máa retí ọdún.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń ṣèpàdé ní Jos ní ipa tiwọn. Wọ́n ń dáwó fún òkú, wọ́n ń dáwó fún ìwúyè. Kò ní burú bí wọ́n bá ń dáwó fún ojú ọmọ kan lọ́dún. Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní tiwọn: kí wọ́n tó pa ọmọ láṣẹ pé kí ó sọ àgbọ̀n kalẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí ìpéǹpéjú rẹ̀ dé.

Ọmọ tí ó gbé àgbọ̀n sókè kò rí àgbà fín. Ọ̀nà àtirí ojú àgbà náà ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá yé, kí ó mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nítorí ojú tí a bá fi sílẹ̀ di ọdún Iléyá lè má bá wa jẹ ọdún náà.